Orúkọ Tí A Sọ Fún Ejìnrìn

Bí ẹ bá dé Ìmẹ̀kọ tí ẹ ń béèrè Àṣìkẹ́, ẹ ó béèrè títí ẹsẹ̀ yóò fi ro yín, kò ní sí ẹni tó mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè Ìyá Toheebat eléwé wò. Ọlọ́kadà àkọ́kọ́ tí ẹ bá dá dúró ni yóò já yín sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, yóò sì ní kí ẹ bá òun kí i, nítorí òun náà ti mu nínú àgbo rẹ̀ rí. Èèyàn méjì péré ni Ọlọ́run dá sáyé tó ń pe obìnrin náà ní Àṣìkẹ́. Èkíní ni Mẹ̀dínátù ìyá rẹ̀, tó ti di ará ọ̀run láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Èkejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Tíṣà Ọdẹkúnlé, tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì mú lọ sílé ẹ̀kọ́ láti kékeré, tó di Kìrìsìtẹ́nì síbẹ̀, tó sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìlaròó títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni Ìyá Toheebat nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ga, ó dúdú, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì sí ẹni tó lè bá a rìn nínú igbó láìsáré. Lọ́dún náà, ó ti rù díẹ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá ó tún fẹ́ lọ́kọ ni, tó fi ń dín ara kù bí omidan. Òun náà á ní, “Ẹ̀yin tí ẹ sanra, ta ló wá fẹ́ yín?” Kẹ́ẹ̀gì omi kan wà tó máa ń gbé lọ sóko ewé. Kó tó padà délé, yóò ti mu ún gbẹ, yóò sì ti yà sẹ́yìn igi nígbà mẹ́ta mẹ́rin láti tọ̀. Ó ní ọjọ́ orí ni, àti pé oòrùn ilẹ̀ Kétu kò mọ àgbà.

Àgbo àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn èèyàn ìsinsìnyí ń pè ní ṣúgà, ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Kò ní ẹ̀rọ tó fi ń wo àìsàn. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló fi ń wò ó: yanrìn pẹrẹsẹ kan lábẹ́ igi kajú, tó máa ń gbá ní àràárọ̀ títí yóò fi mọ́ tónítóní. Bí aláìsàn bá dé, á ní kó lọ tọ̀ síbẹ̀, kó padà wọlé. Òun á wá gbé àpótí ìjókòó síta, á máa wo ilẹ̀. Bí ìtọ̀ náà bá gbẹ tí nǹkan kan kò débẹ̀, á ní kí onítọ̀hún máa lọ sílé, kó lọ wádìí ohun mìíràn tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí èèrà bá tò wá, tí wọ́n bo ibẹ̀ bámúbámú, kò tún sí àríyànjiyàn mọ́. Á ní, “Èèrà kì í gba rìbá, kì í sì í ṣojúsàájú.”

Ejìnrìn ni olórí ewé rẹ̀. Ejìnrìn yìí kan náà ni o, èyí tó ń fà lórí ọgbà gbogbo èèyàn, tí àwọn ọmọdé ń ká èso rẹ̀ tó bá pọ́n. Ṣùgbọ́n Ìyá Toheebat kì í já ti orí ọgbà. Ahoro ilé ìyá rẹ̀ ló ń lọ, ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn onífàyàwọ́ ń gbà wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ògiri mẹ́ta ló kù nínú ilé náà, ejìnrìn sì ti bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ rí yóò rò pé igbó lásán ni. Bí o bá dé ibẹ̀, fóònù rẹ á gbàgbé Nàìjíríà, á bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ káàbọ̀ lédè Faransé.

Mẹ̀dínátù ló kọ́ ọ ní òfin ibẹ̀. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kí o débẹ̀. Sọ orúkọ ẹni tó fẹ́ mu ewé náà fún ejìnrìn, orúkọ rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Ta oyin sí ìdí rẹ̀, nítorí ohun tó korò náà fẹ́ràn ohun dídùn. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu rẹ dé. Láti ìgbà tí o bá ti dárúkọ títí ewé yóò fi wọ inú ìkòkò, o ò gbọdọ̀ fọhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́, má dáhùn.

“Ẹni tó bá fọhùn, ohùn ẹ̀ ni ejìnrìn máa gbọ́ gbẹ̀yìn,” ni Mẹ̀dínátù máa ń wí. “Àìsàn á fi ẹni tó ni ín sílẹ̀, á tẹ̀ lé ẹni tó dáhùn délé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.” Á sì fa ọmọ náà létí kó má baà gbàgbé.

Òfin kan tún wà: eléwé kì í já ewé ara rẹ̀. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ Mẹ̀dínátù bẹ̀rẹ̀ sí í rà láti orí ọmọ ìka, Àṣìkẹ́ wà ní Kútọnú níbi tó ti ń ta aṣọ. Kí ìròyìn tó kàn án, kó tó wọkọ̀, kó tó dé, wọ́n ti sin ín. Obìnrin kan ládùúgbò wá sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyá náà fi ń pe “Àṣìkẹ́ o, Àṣìkẹ́ o,” tí kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Kí ni obìnrin yẹn sọ ọ́ fún, èmi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ míì wà tó yẹ kéèyàn gbé mì. Ọ̀rọ̀ náà wọ Àṣìkẹ́ lára, kò jáde mọ́. Kò padà sí Kútọnú. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ìyá rẹ̀, ó di eléwé.

Lóṣù Kẹwàá ọdún tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni Tíṣà Ọdẹkúnlé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tòun ti agboòrùn àti báàgì Bíbélì. Àṣìkẹ́ kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Kóòtù ara rẹ̀ ti di ti ẹlòmíì, ọrùn rẹ̀ ti gùn. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbàdúrà pé kí àbúrò òun jáwọ́ nínú iṣẹ́ òkùnkùn rèé o.

“Àṣìkẹ́,” ó ní, “ṣúgà fẹ́ẹ́ pa mí. Bá mi wá nǹkan ṣe sí i.”

“Bùọ̀dá, ìgbàgbọ́ yín ńkọ́?”

Ó fọwọ́ lu báàgì Bíbélì. “Mo gbé e dání. Ọlọ́run ló dá ewé.”

“Ṣé Ọlọ́run kan náà tó dá a nígbà tí ẹ ń pè mí ní kèfèrí ni?”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tíṣà lọ sẹ́yìn ilé, ẹ̀rín tán lẹ́nu àbúrò rẹ̀. Èèrà ti dé kí bàbá náà tó de okùn ṣòkòtò rẹ̀ tán. Wọ́n ò tò wá bí wọ́n ṣe máa ń tò. Ńṣe ni wọ́n tú jáde láti abẹ́ gbòǹgbò kajú bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró dè é. Àṣìkẹ́ jókòó lórí àpótí. Ìyá rẹ̀ ti lọ nígbà tí òun kò sí nílé. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé eléyìí kò ní lọ níṣojú òun.

“Bùọ̀dá, oògùn òyìnbó tí Túnbọ̀sún ń rà fún yín ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé Màmá ní òun àti àgbo kì í gbé inú kan náà.”

“Mo ti pa á tì,” ni Tíṣà wí. Orí báàgì Bíbélì ni ọwọ́ rẹ̀ wà nígbà tó ń sọ ọ́.

Túnbọ̀sún ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí bàbá náà ti ṣèlérí fún pé òun kò ní fo oògùn òun lọ́jọ́ kan. Inú báàgì Bíbélì yẹn sì ni páálí hóró oògùn náà wà, láàárín Sáàmù àti Òwe. Bàbá tó ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ pípa! Kò fẹ́ ṣẹ ọmọ, kò fẹ́ ṣẹ àbúrò, ó wá ń tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn níkọ̀kọ̀. Ní àràárọ̀, bí Àṣìkẹ́ bá ti jáde lọ sí ahoro, á da hóró méjì sẹ́nu, á fi ife àgbo kíkorò tó wà nínú fúláàsì lé e lórí. Kò ní jẹun títí oòrùn yóò fi ga, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mu àgbo náà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní dára. Ìtọ̀ alaalẹ́ tó ń jí i dínkù, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tilẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn láìlo awò. Ní ọjọ́ karùn-ún, èèrà díẹ̀ ló wá sórí yanrìn. Ní ọjọ́ kẹjọ, kò sí ẹyọ kan. Àṣìkẹ́ jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi gbẹ, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ yíwọ́. Àṣìkẹ́ ti oko ewé dé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ẹní, aṣọ rẹ̀ tutù fún òógùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Àlejò ẹ ti lọ?” ni Tíṣà bi í.

“Àlejò wo, Bùọ̀dá?”

“Obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó wọlé, kò wọlé. Ó ń tiro.”

Àṣìkẹ́ rántí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó rà. Ó yọjú síta, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, Tíṣà mu ún tán, ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì gbàgbé pé òun sọ nǹkan kan. Àṣìkẹ́ wá fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ lọ́nà tirẹ̀: àìsàn ló ń jáde lára ẹni, kò sì sí àìsàn tó ń jáde láìbínú. Ó fi ẹ̀kún ọwọ́ kan kún ìwọ̀n ewé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ má bínú sí i. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ẹnìkan tún ń lé ṣúgà náà láti ẹ̀yìn.

Ó di ọjọ́ kọkànlá, ọjọ́ Ọjọ́rú. Ìrì pọ̀ lórí koríko. Àṣìkẹ́ dé ahoro, ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ fún ejìnrìn: “Ọdẹkúnlé, ọmọ Mẹ̀dínátù.” Ó ta oyin sílẹ̀, ó pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé. Kò tíì já ìdajì apẹ̀rẹ̀ tó fi gbọ́ ọ.

“Àṣìkẹ́.”

Ẹ̀yìn ògiri kejì ni ohùn náà ti wá, níbi tí ilé ìdáná wà nígbà tí ilé ṣì jẹ́ ilé. Kò pariwo. Ó dà bí ohùn ẹni tó mọ̀ pé o wà nítòsí. Ọwọ́ Àṣìkẹ́ dúró lórí ewé. Ó fẹ́ sọ pé “Ìn,” ó gbé e mì. Ó já ewé rẹ̀ tán láìgbójú sókè, ó rìn jáde, kò sì wẹ̀yìn. Nígbà tó délé, Tíṣà ń sùn lórí ẹní, ó ń hanrun. Kì í ṣe òun, nígbà náà. Ta ló wá kù láyé tó mọ orúkọ yẹn?

Ní Ọjọ́bọ̀, ohùn náà ti sún mọ́ ọn. “Àṣìkẹ́ o.” Ó fa ìparí rẹ̀ gùn bí ìyá tó ń pe ọmọ wá jẹun, bí Mẹ̀dínátù ṣe máa ń fà á gan-an. Àṣìkẹ́ ki etí ìborùn rẹ̀ bọ ẹnu, ó gé e mọ́ eyín. Omijé ń dà lójú rẹ̀ sórí ewé. Ẹ̀rù ń bà á, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àárò tún ń sọ ọ́. Ó tó ọdún mọ́kàndínlógún tí ẹnikẹ́ni ti fi ohùn bẹ́ẹ̀ pè é. Lọ́jọ́ náà, bó ṣe délé, Tíṣà tún ti ń làágùn, ó jókòó ó ń wo ògiri. Àṣìkẹ́ kò sọ ohun tó gbọ́ fún un. Ohun tó rò ni pé Màmá ti ń bọ̀ wá mú Ọdẹkúnlé, pé Màmá ló ń fẹ́ kí òun yọwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀. Ó tẹnu mọ́ ọn nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní yọwọ́.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà, Tíṣà kò fẹ́ jẹun. Ó ní ẹnu òun korò.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ó wá di. Kùrukùru bo ọ̀nà, tí Àṣìkẹ́ fi ṣìnà, tó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Ó tilẹ̀ tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀ tó ṣe “kà” lábẹ́ bàtà rẹ̀, kò dúró wò ó. Ó dé ahoro. Ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ìgò oyin nínú apẹ̀rẹ̀ ni ohùn náà pè é, lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ lé ara wọn, kò sì rọra pè é lọ́tẹ̀ yìí.

“Àṣìkẹ́! Àṣìkẹ́! Àṣìkẹ́ o!”

Lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan kan kérora lẹ́yìn ògiri, ejìnrìn tó wà lórí rẹ̀ sì mì láti òkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí afẹ́fẹ́ kankan.

Àṣìkẹ́ dìde dúró. Bí òun bá dáhùn, àìsàn ẹ̀gbọ́n òun di ti òun. Òfin ni, kò sì rú u rí láti ọjọ́ tó ti gbé apẹ̀rẹ̀. Bí òun kò bá dáhùn ńkọ́? Ó fi ojú inú rí ìyá rẹ̀ lórí ẹní nínú ilé yìí kan náà, ọjọ́ mẹ́ta, tó ń pè tí kò sẹ́ni. Ó ti gbọ́ ìpè yìí lẹ́ẹ̀kíní, ó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé.

“Màmá!” ni ó ké. “Èmi rèé! Mo wà níbí!”

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ẹyẹ tó ń dún tẹ́lẹ̀ pa ẹnu mọ́. Àṣìkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì ya ejìnrìn, ó bọ́ sẹ́yìn ògiri.

Ọdẹkúnlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, láàárín àwọn òkúta ààrò ìyá wọn, tó fẹ̀yìn ti ògiri. Aṣọ ìsùn ló wọ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó tutù bí ẹni tí wọ́n yọ nínú odò. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò wo ohunkóhun. Ẹnu rẹ̀ ń mì, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó ti tọ̀ sára.

“Bùọ̀dá! Bùọ̀dá, ẹ dákun!”

Ó fa fóònù yọ. Fóònù kí i káàbọ̀ lédè Faransé. Ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Ó tú àpò aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá òun á rí nǹkan, ó sì rí i: páálí hóró oògùn, ojú rẹ̀ ti tú tán àyàfi mẹ́rin. Ó wò ó, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá yé e lẹ́ẹ̀kan náà, irọ́ ìkọ̀kọ̀ náà, òógùn náà, àti ẹ̀kún ọwọ́ ewé tí òun fi kún un.

Ṣùgbọ́n kí ló yẹ ní ṣíṣe? Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ọ̀tá ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ni ohun dídùn, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti gba ọsàn lọ́wọ́ aláìsàn, ó ti da tíì oníṣúgà nù. Bí ohun tó ń ṣe Ọdẹkúnlé bá jẹ́ pé ṣúgà ló tún gùn, ohun dídùn tí òun bá fi sí i lẹ́nu yóò parí rẹ̀, ọwọ́ òun ni yóò sì kú sí.

Ó wo ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ ló ti máa ń wò. Ejìnrìn pípọ́n kan ti bọ́ sórí ilẹ̀ ilé ìdáná náà, ó là, kóró rẹ̀ pupa bẹ́lẹ́jẹ́. Èèrà tò lọ síbẹ̀, wọ́n pọ̀ lọ jàra. Ìtọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣàn dé ọ̀nà wọn. Àwọn èèrà náà dé etí rẹ̀, wọ́n na ìwo wọn sí i, wọ́n yípo rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò sí ẹyọ kan tó dúró. Bí ẹni tó yà fún òkú ni wọ́n ṣe yà fún un.

“Kò sí nǹkan kan mọ́ nínú ẹ̀,” ni Àṣìkẹ́ wí sókè. “A ti lé gbogbo ẹ̀ tán.”

Ó ṣí ìgò oyin. Oyin ejìnrìn ni, kò tíì san án fún un. “Ẹ yá mi,” ó wí fún àwọn ewé tó wà lórí ògiri, “ẹ jọ̀ọ́, màá dá a padà.” Ó fi ìka kó o, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú, lápá ọ̀tún, lápá òsì, díẹ̀díẹ̀ kó má baà há a lọ́fun. Ó ń sunkún, ó ń pa á, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Ó pẹ́ lójú rẹ̀ bí ọdún kan. Nígbà tó yá, Tíṣà gbé nǹkan mì. Ó tún gbé e mì. Ojú rẹ̀ yí wá, ó rí i.

“Àṣìkẹ́,” ó ní, ohùn rẹ̀ wúwo, “kí lò ń kì bọ̀ mí lẹ́nu?”

Bí kì í bá ṣe pé àgbà ni, Àṣìkẹ́ ì bá gbá a létí fún ayọ̀.

Onífàyàwọ́ kan tó ń ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ bọ̀ ló gbé wọn. Ó sọ àpò ìrẹsì rẹ̀ méjì sínú igbó láìjiyàn, ó gbé arúgbó méjì sórí ọ̀kadà, ó sì sáré wọn dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílùú. Nọ́ọ̀sì Mofẹ́olúwa gún ìka Tíṣà, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì fa omi sí i lára kó tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Ìgbà tó wá bi wọ́n, kò dá ẹnikẹ́ni sí.

“Hóró tí dókítà fún Bàbá ń lé ṣúgà wálẹ̀. Ejìnrìn náà ń lé e wálẹ̀. Ẹ fi méjèèjì lé e, ẹ ò tún fún wọn lóúnjẹ. Kí ni kó wá kù nínú ẹ̀jẹ̀? Màmá, èmi ò ní ewé yín kò lágbára o. Agbára tó ní ló ń bí mi nínú, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ẹ̀. Ẹni tó bá wá mu àgbo yín, ẹ ní kó kó oògùn ọwọ́ ẹ̀ síta ná. Ẹ̀yin náà, Bàbá, ẹ yéé parọ́.”

Tíṣà doríkodò bí ọmọ iléèwé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kúrò, Àṣìkẹ́ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Bùọ̀dá, ìjẹta àti àná, ṣé ẹ̀yin náà lẹ lọ sí ahoro lọ pè mí?”

“Èmi kẹ̀? Òní nìkan ni mo jáde. Èmi ò sì pè ọ́. Ahọ́n mi ti kú sẹ́nu, o rí i bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe orúkọ rẹ. Mo ní o ò sí nílé, kò gbọ́, ó ń lọ, ó ń tiro, ó ń pè ọ́. Mo bá tẹ̀ lé e, kí n lè sọ fún un pé oko ewé lo lọ.”

Nọ́ọ̀sì padà wọlé pẹ̀lú ìwé. Ó bi wọ́n bóyá ẹnìkan nínú ìdílé ti ní àìsàn yìí rí. Tíṣà ní ìyá àwọn ni. Nọ́ọ̀sì náà wo Àṣìkẹ́ láti òkè délẹ̀, ó wo ọrùn rẹ̀, ó wo kẹ́ẹ̀gì omi tó gbé jókòó, ojú rẹ̀ sì dúró sílẹ̀.

“Màmá, kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?”

Àṣìkẹ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀. Ẹ̀gún gígùn kan ti gba ìsàlẹ̀ bàtà wọlé, ó sì dúró sínú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀. Kò dùn ún. Títí nọ́ọ̀sì fi fà á yọ, tó fọ ojú egbò náà, tó sì dì í, kò dùn ún.

“Ẹ jẹ́ kí n gún ìka yín,” ni nọ́ọ̀sì wí.

“Èmi kọ́ ni mo wá gbàwòsàn,” ni Àṣìkẹ́ dáhùn, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tó délé. Ilé dákẹ́. Ó mú ìgbálẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó gbá yanrìn abẹ́ kajú títí ó fi mọ́. Gbogbo ọdún tó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò wò ó fún ara rẹ̀ rí. Ó lóṣòó, ó tọ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí, ó ń dúró, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń dúró dè é nínú ilé.

Kò dúró pẹ́. Ọ̀kan kọ́kọ́ jáde. Ó dé etí ibi tó tutù náà, ó dúró, ó tẹ ẹnu bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú dé, láti abẹ́ gbòǹgbò, láti ara ògiri, títí yanrìn náà fi dúdú.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀ ni pé òun dáhùn. Òun fọhùn, ejìnrìn ti gbọ́. Ṣùgbọ́n Àṣìkẹ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Òní kọ́ ni òun ti ń mu kẹ́ẹ̀gì omi gbẹ. Òní kọ́ ni òun ti ń rù, tí àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni ó mọ iye ẹ̀gún tí òun ti tẹ̀ láìmọ̀? Ó wá rántí pé ní Ọjọ́rú, Ọdẹkúnlé wà lórí ẹní, ó ń hanrun. Ní Ọjọ́bọ̀, ó wà nílé. Kò sí ẹni tó pe Ọdẹkúnlé lọ́jọ́ kan. Àṣìkẹ́ ni Màmá ń pè.

Ó bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú àwọn èèrà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ́kọ́ lọ sí ahoro, ó da oyin tó yá padà sí ìdí ejìnrìn, kò sì já ewé kankan. Láti ibẹ̀ ló ti gba ilé ìwòsàn lọ. Ó jókòó níwájú Nọ́ọ̀sì Mofẹ́olúwa, ó na ìka rẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì ti mú káàdì tuntun, ó ti kọ “Ìyá Toheebat” sórí rẹ̀.

“Pa ìyẹn rẹ́,” ni obìnrin náà wí. “Kọ ọ́ báyìí: Àṣìkẹ́, ọmọ Mẹ̀dínátù.”